Bí ẹ ṣe lè fi ẹgbẹ́ ìjíròrò orí fóònù kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣègùn

Ó ṣòro kí ẹ tó rí kíláàsì ìṣègùn kan ní Nàìjíríà lónìí tí kò ní ẹgbẹ́ WhatsApp. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kéde pé aago lẹ́kítọ̀ ti yí padà, ibẹ̀ ni ìwé PDF ń já sí lójoojúmọ́, ibẹ̀ náà ni àdúrà òwúrọ̀ àti ìkíni ọjọ́ ìbí wà. Gbogbo rẹ̀ ló wúlò láyè ara rẹ̀. Síbẹ̀, èèyàn lè wà nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ọdún kìíní títí tí yóò fi gba oyè, kó má rí nǹkan kan kọ́ níbẹ̀ nípa bí a ṣe ń tọ́jú aláìsàn.

Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni bí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà sí mẹ́jọ ṣe lè kó ara wọn jọ lórí fóònù, kí wọ́n máa mú kéèsì kan (ìtàn àìsàn ẹnì kan) lọ́sẹ̀, kí wọ́n sì tú u palẹ̀ débi pé ẹnikẹ́ni nínú wọn á lè dúró níwájú consultant (àgbà dókítà) kó sọ ọ́ láìgbọ̀n. Mo kọ ọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ti bọ́ sí wọ́ọ̀dù, àti fún house officer (dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè) tàbí registrar (dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ láti di consultant) tó bá fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́. Ohun kan ni gbogbo rẹ̀ dúró lé lórí: kí kálukú kọ èrò tirẹ̀ sílẹ̀ kó tó rí ti ẹlòmíràn. Níbi tí ìyẹn kò bá sí, ẹni méjì ni yóò máa kàwé, àwọn tó kù yóò máa wò wọ́n, wọn yóò sì máa rò pé àwọn náà ń kàwé.

Ìdí tó fi yẹ kó jẹ́ orí fóònù

Posting, ìyẹn fífi akẹ́kọ̀ọ́ ránṣẹ́ láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka láti kọ́ṣẹ́, ló ń tú akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ká. Àwọn ti Yunifásítì Ìbàdàn máa ń lọ gbé ní Igbó-Ọrà fún ètò ìlera Ìbàràpá, èyí tó ti wà láti 1963. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn máa ń lọ sí Arò ní Abẹ́òkúta láti kọ́ nípa àìsàn ọpọlọ. Àwọn kan wà ní yàrá ìgbẹ̀bí tí wọn kò lè kúrò níbẹ̀ lóru. Kí ẹni mẹ́jọ tó rí wákàtí kan náà fi jókòó sójú kan, iṣẹ́ ńlá ni. Ìyanṣẹ́lódì tún wà níbẹ̀. Ti ASUU ní 2022 bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kejì, ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ni wọ́n tó dá a dúró. Oṣù mẹ́jọ gbáko! Ẹgbẹ́ kékeré tó bá ti ní ìlànà tirẹ̀ kò ní dúró de ìgbà tí wọ́n bá ṣí géètì iléèwé.

Fífi ọ̀rọ̀ aláìsàn kọ́ ẹ̀kọ́ nínú ẹgbẹ́ kékeré kì í ṣe nǹkan tuntun. Yunifásítì McMaster ní ìlú Hamilton, ní ilẹ̀ Kánádà, ti gbé gbogbo iléèwé ìṣègùn rẹ̀ ka orí rẹ̀ láti 1969, Yunifásítì Maastricht ní Netherlands sì tẹ̀ lé e ní 1974. Nípa kíkọ èrò sílẹ̀ kí a tó wo ìdáhùn, iṣẹ́ tí Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke gbé jáde ní 2006 ló yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀rọ̀ kan kà. Àwọn kan tún un kà. Àwọn yòókù pa ìwé dé, wọ́n sì gbìyànjú láti rántí ohun tó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ló rántí jù. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan fi máa pé, àwọn tó pa ìwé dé ti fi wọ́n sẹ́yìn. Ìdánwò MBBS (oyè ìṣègùn) kì í sì í wá lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ yan àwọn tó máa wà níbẹ̀

Mẹ́fà sí mẹ́jọ ló tó. Tí ẹ bá jẹ́ mẹ́rin, ọjọ́ tí ẹni méjì bá wà ní call (ìṣọ́ ilé ìwòsàn), ìjíròrò ti kú nìyẹn. Tí ẹ bá ju mẹ́wàá lọ, ẹni tí kò kàwé á rí ibi sá pamọ́ sí. Ẹ má kó kìkì ọ̀rẹ́ jọ, torí ó máa ń nira fún ọ̀rẹ́ láti sọ fún ọ̀rẹ́ pé ohun tó sọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ẹni tó ń kàwé. Ẹ wá ẹni tí kì í dákẹ́ títí ọ̀rọ̀ á fi yé e. Ẹ sì wá ẹnì kan, ó kéré tán, tí ọkàn rẹ̀ kò tíì balẹ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ìbéèrè irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa ń fi hàn pé àwọn tó rò pé àwọn mọ̀ ọ́n kò tíì mọ̀ ọ́n dénú.

Kí gbogbo yín wà ní ọdún kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé posting yín yàtọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá olùdarí kan. Registrar dára, àmọ́ iṣẹ́ wọn pọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fi ọdún kan tàbí méjì ṣáájú yín lè ṣe é dáadáa bí ẹ bá lè rí dókítà kan tí yóò máa yẹ ìdáhùn wò fún un kó tó gbé e síta. Iṣẹ́ olùdarí kò ju wákàtí díẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, màá sì sọ ohun tó jẹ́ láìpẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mú ibi ìpàdé

WhatsApp rọrùn nítorí pé gbogbo èèyàn ló ti ní i. Telegram ní ohun méjì tí mo fẹ́ràn: ó ní ìbéèrè olóríṣi ìdáhùn tí kì í fi èyí tó tọ̀nà hàn títí ẹni náà á fi yan tirẹ̀, ẹ sì lè kọ àlàyé kékeré sábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lè ka ohun tí ẹ ti sọ ṣáájú bí admin bá ṣí i sílẹ̀ fún un. Ẹ lè máa fi WhatsApp jíròrò, kí ẹ fi Telegram dán ara yín wò. Fún ìpè olójú-kojú, Zoom ọ̀fẹ́ máa ń já lẹ́yìn ìṣẹ́jú 40, Google Meet lẹ́yìn 60 bí ẹ bá ti tó mẹ́ta. 40 tó yín.

Ọ̀rọ̀ kíkọ ni kí ẹ fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Dátà ń náni lówó, iná kì í dúró, ẹni tó wà ní wọ́ọ̀dù kò sì lè fi etí sí fídíò, àmọ́ ó lè ka ìlà mẹ́rin nígbà tó bá ń dúró de èsì àyẹ̀wò. Ohun tí a bá kọ sílẹ̀ tún ṣeé wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ẹ pa ètò tó ń fúnra rẹ̀ gba fọ́tò àti fídíò wọlé, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fọ́wọ́ọ̀dù ránṣẹ́ síbẹ̀, ì báà jẹ́ àdúrà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: aṣírí aláìsàn, kí kéèsì kankan tó wọlé

Níbí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ. Aláìsàn tó tú aṣọ rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní wọ́ọ̀dù gbà á láyè nítorí pé ó gbà pé ọ̀rọ̀ náà kò ní kúrò níbẹ̀. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 sọ pé ọ̀rọ̀ aláìsàn, àtohun tó ń ṣe é àti ìtọ́jú rẹ̀, aṣírí ni. Òfin ìdáàbòbò dátà tí wọ́n bu ọwọ́ lù ní 2023 tún fi ọ̀rọ̀ ìlera èèyàn sí ara àwọn ohun tó gba ìṣọ́ra àrà ọ̀tọ̀. MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà, náà ní ìlànà tirẹ̀ fún gbogbo dókítà, ó sì yẹ kó ti di mọ́ yín lára kí ẹ tó gba ìwé àṣẹ.

Nítorí náà, kò gbọdọ̀ sí fọ́tò aláìsàn nínú ẹgbẹ́ yín. Ojú nìkan kọ́ ni mò ń sọ. Ọgbẹ́ tó ní àmì ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ tó wọ ẹ̀gbà, X-ray tí orúkọ wà ní igun rẹ̀, ojú ewé fódà tí nọ́ńbà rẹ̀ hàn, gbogbo wọn ló ń tọ́ka sí èèyàn kan pàtó. Fọ́tò tí ẹ rò pé ẹ ti pa rẹ́ ti lè wọ gálárì fóònù ẹni mẹ́jọ, ó sì lè ti ibẹ̀ gun Google Photos, kó lọ hàn lórí tábúlẹ́ẹ̀tì tí àbúrò yín fi ń ṣeré nílé. Bí ẹ bá nílò àwòrán, ẹ lo èyí tó wà nínú ìwé ẹ̀kọ́, tàbí kí ẹ fọwọ́ yà á.

Kíkọ náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ká ní ohun tí ẹ rí ní wọ́ọ̀dù ni ìyá alákàrà kan láti Ọ̀jẹ́, ẹni ọdún 52, tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bí ẹ bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ará àdúgbò rẹ̀ tó bá ṣèèṣì rí fóònù yín ti mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ ọ́ báyìí: obìnrin kan tó lé ní 50 ọdún, àtọ̀gbẹ ti ń bá a fínra fún ọdún mẹ́wàá, ọgbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò jinná, ó sì ti ń rùn. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò dín kù rárá. Ẹ yọ ìlú, ọjọ́, bẹ́ẹ̀dì, orúkọ wọ́ọ̀dù àti orúkọ dókítà kúrò. Ẹ yí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ padà, àfi bí iṣẹ́ náà bá kan àìsàn ọ̀hún, bíi ti ẹni tó ń fọ́n oògùn kòkó tí oògùn wá wọ̀ lára. Ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ tó mú kéèsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ wá.

Ohun kejì tó wà lábẹ́ èyí: ẹgbẹ́ yín kì í ṣe ibi tí a ti ń tọ́jú èèyàn. Bí aláìsàn kan bá wà níwájú yín tí mímí rẹ̀ kò sì dáa, ẹ pe registrar. Ẹ má jókòó kọ ìbéèrè sórí WhatsApp. Bí ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ yín bá ní kí ẹ bá òun bi ẹgbẹ́ yín nípa oògùn, ẹ ní kó lọ sílé ìwòsàn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: bí a ṣe ń kọ kéèsì tó ń mú èèyàn ronú

Kéèsì tó dára máa ń wá ní apá mẹ́ta, ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni olùdarí máa ń tú apá kọ̀ọ̀kan síta, torí bẹ́ẹ̀ gan-an ni aláìsàn ṣe ń wá bá wa. Kò sí aláìsàn tó máa ń fi orúkọ àìsàn rẹ̀ lé wa lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kí n gbé ọ̀kan sílẹ̀ látòkèdélẹ̀.

Apá kìíní: Obìnrin kan wọlé, ẹni ọdún 24, oyún rẹ̀ àkọ́kọ́ ni, ó ti pé ọ̀sẹ̀ 34. Orí ti ń fọ́ ọ láti ọjọ́ méjì, ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, ó sì ń dùn ún ní ìsàlẹ̀ igbá àyà lápá ọ̀tún. Kò sùn sínú nẹ́ẹ̀tì. Ìwọ̀n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 170 lórí 110, protein inú ìtọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 3+. Ìbéèrè: kí ni ẹ rò pé ó ń ṣe é, kí ni ohun mìíràn tó lè jẹ́, kí sì ni ẹ máa ṣe láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́?

Apá kejì: Ẹ ń wá iṣan láti fa ẹ̀jẹ̀, gìrì mú un níwájú yín. Ìbéèrè: ẹ to ohun tí ẹ máa ṣe ní ẹsẹẹsẹ. Oògùn wo, ìwọ̀n wo, ibo lẹ máa gún un sí?

Apá kẹta: Gìrì ti dáwọ́ dúró. Wákàtí mẹ́rin ti kọjá, nọ́ọ̀sì ti fa abẹ́rẹ́ tó kàn sínú sírínjì. Ẹ ka mímí rẹ̀, 10 ni ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ kan orúnkún rẹ̀, ẹsẹ̀ kò mì. Ìbéèrè: ṣé nọ́ọ̀sì lè gún un? Kí ló ṣẹlẹ̀, kí lẹ ó ṣe?

Ẹ wo bí wọ́n ṣe béèrè ìbéèrè náà. Kò síbi tí wọ́n ti ní kí ẹ sọ ohun tí pre-eclampsia (ẹ̀jẹ̀ ríru tó bá oyún wá) jẹ́, torí ìyẹn ẹ lè dà á kọ láti inú ìwé. Ìpinnu ni wọ́n ń béèrè, ìpinnu sì ni iṣẹ́ dókítà. Ẹ tún wo nẹ́ẹ̀tì tí mo fi sí apá kìíní. Mo mọ̀-ọ́n-mọ̀ fi í síbẹ̀ ni, nítorí pé ní ilẹ̀ wa, orí fífọ́ àti àìsùn sínú nẹ́ẹ̀tì ti tó láti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn kígbe ibà kí wọ́n tó wo ìfúnpá. Kéèsì tí kò bá ní ohun kan tó lè ṣi èèyàn lọ́nà kò tíì ṣetán.

Ìdáhùn tí olùdarí máa mú lọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyí. Pre-eclampsia tó le ni, ó sì di eclampsia (ìgbà tí gìrì bá wọ̀ ọ́) ní apá kejì. Ẹ ké pe olùrànlọ́wọ́, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ la ọ̀nà mímí rẹ̀, ẹ fún un ní ọ́síjìn. Magnesium sulphate ni oògùn gìrì náà: nínú ìlànà Pritchard, tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa ń lò, gíráàmù 4 ni wọ́n máa ń rọra gún sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, wọ́n á wá gún gíráàmù 5 sí ìdí kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà gíráàmù 5 ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin títí wákàtí 24 yóò fi pé lẹ́yìn ìbímọ tàbí lẹ́yìn gìrì tó kẹ́yìn, èyíkéyìí tó bá pẹ́ jù. Wọ́n á fi hydralazine, labetalol tàbí nifedipine rẹ ìfúnpá rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á sì múra bí ọmọ ṣe máa jáde. Kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́ tó kàn, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ mì bí a bá kan orúnkún, mímí gbọ́dọ̀ tó 16 ní ìṣẹ́jú kan, ìtọ̀ gbọ́dọ̀ tó mílílítà 30 ní wákàtí kan. Ní apá kẹta, magnesium ti pọ̀ jù lára rẹ̀: kí nọ́ọ̀sì má gún un, kí ẹ ràn mímí rẹ̀ lọ́wọ́, kí ẹ sì rọra fún un ní calcium gluconate, oògùn tó ń pa agbára magnesium, gíráàmù kan sínú iṣan.

Bí ẹnì kan bá béèrè ìdí tí a fi ń fún aboyún tí gìrì kò tíì mú ní magnesium, olùdarí lè tọ́ka sí ìwádìí Magpie tó jáde ní 2002. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá obìnrin ló wà nínú rẹ̀, láti orílẹ̀-èdè 33, Nàìjíríà náà wà níbẹ̀, ó sì fi hàn pé oògùn náà dín ewu gìrì kù ju ìdajì lọ fún ẹni tó ní pre-eclampsia.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bí ọ̀sẹ̀ kan ṣe ń lọ

Ní ọjọ́ Ajé, aago méje alẹ́, olùdarí gbé apá kìíní síta. Kálukú ní títí aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun láti fi ìdáhùn ránṣẹ́ sí olùdarí ní ìkọ̀kọ̀. Kò gbọdọ̀ wọ inú ẹgbẹ́. Ìlà mẹ́fà sí mẹ́wàá ti tó, ìwé sì gbọ́dọ̀ wà ní pípadé nígbà tí wọ́n bá ń kọ ọ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á kọ ohun tó rò, á sì sọ ibi tí kò ti dá a lójú. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá pé, olùdarí á kó wọn síta lẹ́ẹ̀kan náà láìfi orúkọ sí i.

Àìfi orúkọ sí i yìí ṣe pàtàkì láàárín wa ju bí àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ gbé ètò náà kalẹ̀ ṣe lè rò lọ. Nínú kíláàsì kan, ẹ ó rí ẹni ọdún 19 àti ẹni tó ti gba oyè àkọ́kọ́ kó tó wọlé, tó ti di bàbá ọmọ. Ọmọdé ò ní fẹ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n pé ìwọ̀n oògùn tó kọ lè pa èèyàn. Bí kò bá mọ ẹni tó kọ ọ́, á sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n náà á gbà á láìsí ìtìjú, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé òun ni.

Ọjọ́rú ni ìjíròrò gan-an. Ó máa ń lọ báyìí. Nínú ìdáhùn méje, márùn-ún sọ pé pre-eclampsia ni, ọ̀kan ní ibà, ọ̀kan ní túúlu. Olùdarí kò ní sọ èyí tó tọ̀nà. Á béèrè pé: “Ibà lè fa orí fífọ́. Ṣé ó lè gbé ìfúnpá dé 170 lórí 110?” Ẹnì kan á dáhùn: “Rárá sà, àmọ́ ibà àti ẹ̀jẹ̀ ríru lè wà lára ẹnì kan náà.” Ẹlòmíràn á ní: “Ká ṣe àyẹ̀wò ibà náà, ṣùgbọ́n ká má torí rẹ̀ dá magnesium dúró.” Ọ̀rọ̀ yìí ni olùdarí ń wá. Ẹni tó kọ ibà kò jẹ̀bi pátápátá, àwọn tó kọ pre-eclampsia náà sì ti rí ohun tí wọn kò rò tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni apá kejì, ní ìlànà kan náà. Ní Àbámẹ́ta, ẹ pe ara yín fún ìṣẹ́jú 40, kí ẹ parí apá kẹta níbẹ̀ lójú ara yín, torí òun ló máa ń gba kí èèyàn yára ronú. Ní ọjọ́ Àìkú, akọ̀wé ọ̀sẹ̀ náà á kọ ojú ewé kan, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ohun tó ń ṣe aláìsàn, ohun tí a ṣe, ìwọ̀n oògùn, ohun tó fẹ́ ṣì wá lọ́nà. Olùdarí á yẹ̀ ẹ́ wò kó tó wọlé. Kí ipò akọ̀wé máa yí kiri.

Iṣẹ́ olùdarí

Mo ti rí dókítà tó mọṣẹ́ dáadáa tó sì pa ẹgbẹ́ run, torí pé bí ìbéèrè bá ti jáde ló ti ń dáhùn. Ẹ fún ìdákẹ́jẹ́ láyè. Bí wákàtí méjì bá kọjá tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀, ẹ fi ìbéèrè kékeré sí i, ẹ má fi ìdáhùn sí i. “Kí ló mú ọ sọ bẹ́ẹ̀?” àti “Kí ni ìwọ máa rí tí wàá fi yí èrò rẹ padà?” máa ń ṣiṣẹ́ ju àlàyé ojú ewé méjì lọ. Ohun kan ṣoṣo ló yẹ kó mú yín já wọnú ọ̀rọ̀ kíákíá: ìwọ̀n oògùn tó léwu. Ẹ tún un ṣe lójú ẹsẹ̀, kó má lọ wọ̀ wọ́n lórí.

Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, ẹ má pe orúkọ rẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn. Ẹ kọ̀wé sí i ní ìkọ̀kọ̀, kí ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà mìíràn dátà ni kò sí. Nígbà mìíràn ó ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ojú ń tì í. Ẹ fún un ní iṣẹ́ tó mọ ní ìwọ̀n, bíi kó wá ìwọ̀n calcium gluconate kó sì sọ ibi tó ti rí i.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ fi ohùn ṣe é ní Yorùbá

Apá yìí ni mo fẹ́ràn jù, òun sì ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń fò. Ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, ní LUTH ní Èkó, ní Ifẹ̀, èyí tó pọ̀ nínú àwọn aláìsàn ni ẹ máa fi Yorùbá bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹlòmíràn gbọ́ Yorùbá láti kékeré, síbẹ̀ kò lè ṣàlàyé ẹ̀jẹ̀ ríru fún ìyá ọkọ aboyún. Ẹni tó wá láti Benue tàbí Enugu tún nílò rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn kéèsì kọ̀ọ̀kan, kí ẹni méjì fi ohùn ìṣẹ́jú kan ránṣẹ́. Iṣẹ́ wọn ni láti bá ẹbí aláìsàn sọ̀rọ̀. Fún kéèsì tòkè yìí, ìyá ọkọ rẹ̀ ló wà níwájú wọn, ó sì ní òun fẹ́ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nítorí gìrì náà. Akẹ́kọ̀ọ́ lè sọ pé: “Màmá, ẹ kú ìdúró. Ẹ̀jẹ̀ ríru tó bá oyún wá ló ń dààmú ìyàwó yín, òun ló fa gìrì tí ẹ rí yẹn. A ti fún un ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kí ó padà. Ṣùgbọ́n ọmọ ní láti jáde kí ara rẹ̀ tó lè balẹ̀, a ó sì máa ṣọ́ ọ lẹ́yìn ìbímọ. Ẹ máa gbàdúrà, Màmá, kí ẹ sì jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ wa.” Kí àwọn yòókù tẹ́tí sí i: ṣé ó kí ìyá náà? Ṣé ó kan ìgbàgbọ́ rẹ̀ lábùkù? Ṣé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan há sí i lọ́nà? Ṣé ó fún ìyá náà láyè láti béèrè nǹkan?

Ìbéèrè gbígbọ́ ìtàn àìsàn náà ṣeé fi kọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní jẹ̀díjẹ̀dí ń yọ òun lẹ́nu, kí ni ẹ máa bi í kí ẹ tó mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ń jáde, bóyá ìgbẹ́ ń le, tàbí ẹ̀yìn ló ń dùn ún?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ ìwọ̀n oògùn tàbí nọ́ńbà kan gbọ́dọ̀ sọ ibi tó ti rí i: ìwé wo, ẹ̀dà wo, tàbí ìlànà ilé ìwòsàn wo. “Wọ́n sọ fún wa ní lẹ́kítọ̀” kò tó. Bí ìwé méjì bá ta ko ara wọn, ìlànà ilé ìwòsàn tí ẹ wà ni kí ẹ fi ṣe ìdáhùn, kí ẹ sì kọ ìyàtọ̀ náà sílẹ̀. Nípa ChatGPT àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀: ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ tó dà kọ láti ibẹ̀ ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ti fi ìdánrawò tirẹ̀ ṣòfò, nítorí pé kò ronú kan nǹkan kan. Lẹ́yìn tí ìjíròrò bá ti parí, ẹ lè bi í ní ìbéèrè kí ẹ wá àṣìṣe nínú ohun tó sọ, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Iṣẹ́ tó dára nìyẹn. Ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ náà ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó gba ipò kéèsì.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ bi ara yín padà

Ohun tí ẹ kọ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí yóò ti máa lọ bí ẹ kò bá padà sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, akọ̀wé á gbé ìbéèrè mẹ́ta síta lórí Telegram, lẹ́yìn oṣù kan á tún gbé mẹ́ta mìíràn. Ìbéèrè tó dára á gbé aláìsàn mẹ́rin kalẹ̀ tó ń gba magnesium sulphate, pẹ̀lú mímí, ìtọ̀ àti orúnkún wọn, kó sì ní kí ẹ mú ẹni tí a kò gbọdọ̀ fún ní abẹ́rẹ́ tó kàn. Bí ó bá ju ẹni méjì lọ tó ṣì í, kéèsì náà á padà wá ní ọ̀nà mìíràn.

Nígbà tí ìdánwò bá sún mọ́lé

Ẹ lè fi ìpè fídíò ṣe OSCE, irú ìdánwò tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi hàn lójú olùdánwò bó ṣe ń ṣiṣẹ́, tí Ronald Harden àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dundee gbé kalẹ̀ ní 1975. Ẹnì kan ni aláìsàn, ẹnì kan ni akẹ́kọ̀ọ́, ẹnì kan ń fi àmì sí ìwé bí olùdánwò, àwọn yòókù pa ohùn wọn mọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ yí ipò padà. Gbígba ìtàn àìsàn, ìmọ̀ràn fún aláìsàn, sísọ ìròyìn búburú, kíka èsì àyẹ̀wò, gbogbo wọn ló ṣeé ṣe báyìí.

Yíyẹ ara aláìsàn wò kò ṣeé ṣe báyìí. Kò sẹ́ni tó lè fi fóònù mọ bí ẹ̀dọ̀ tó wú ṣe ń rí lábẹ́ ìka. Fún ìyẹn, kí ẹgbẹ́ náà pín ara wọn ní méjì-méjì, kí wọ́n jọ lọ sí wọ́ọ̀dù, kí wọ́n tọrọ àyè lọ́wọ́ aláìsàn tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ kàn án.

Bí ẹ bá parí posting kan, ẹ kó ojú ewé ìparí gbogbo kéèsì sínú Google Drive kan, kí ẹ kọ ọjọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí ìlànà ìtọ́jú máa ń yí padà. Ẹ tún kà wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i bóyá ohun kan wà nínú rẹ̀ tó lè tú aṣírí aláìsàn. Àwọn àbúrò yín ní ọdún tó ń bọ̀ yóò bẹ̀bẹ̀ fún un. Ẹ fún wọn ní àwọn kéèsì náà. Ìdáhùn, olùdarí wọn nìkan ni kí ẹ gbé e fún.